Fíìmù Ìbídùn Tí A Wò Ní Rosettenville

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọ takisí láti Rosettenville lọ sí àárín ìlú Johannesburg. Ọkọ̀ ti kún, a sì dúró níbi róbọ́ọ̀tì, a ń retí kí iná rẹ̀ di àwọ̀ ewé, nígbà tí obìnrin kan bú sẹ́kún lẹ́yìn mi. Ẹkún náà kì í ṣe kékeré. Ó ń fà á gùn, ó ń gbé e sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì ń ké pe ìyá tó bí i láàárín rẹ̀. Awakọ̀ wẹ̀yìn. Bàbá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní "eish", ó sì ń fojú wá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Èmi nìkan ni kò yíjú padà, nítorí mo mọ irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Ẹkún fíìmù Yorùbá ni. Ọmọbìnrin kan ló ń wò ó lórí fóònù rẹ̀, okùn tó ki bọ etí ti yọ lára fóònù náà láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ó bẹ gbogbo wa, ó ki okùn náà padà, ọkọ̀ sì dákẹ́.

Títí mo fi sọ̀kalẹ̀ ní Marshalltown, ẹkún náà kò kúrò létí mi. Mo rántí ọdún tí a fi wo fíìmù kan ṣoṣo títí a fi mọ àwọn adìyẹ inú rẹ̀ lójú. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin tí fíìmù kún ọwọ́ yín bí yanrìn etí òkun, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe yín bí àlọ́. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ìgbà náà kò jìnnà sí ìgbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àgbáyé ní orílẹ̀-èdè yìí. Fèrè oníke tí wọ́n fun nígbà náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nílé gbogbo ènìyàn, tí àwọn ìyá sì ń wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi sọ ọ́ nù. Mọ́mì bí àbúrò mi ọkùnrin. Dókítà ni Mọ́mì, ọsibítù kò sì fún un láyè púpọ̀ láti sinmi. Dádì ń ṣe ìṣirò owó fún ilé-iṣẹ́ kan ní Marshalltown, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Nítorí náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ pe ìyá Dádì láti Èkìtì kí ó wá bá wa tọ́jú ọmọ. Màmá ni gbogbo wa ń pè é.

Oṣù kẹfà ló dé, nígbà tí ìrì dídì máa ń sọ koríko iwájú ilé di funfun láàárọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé òtútù wà ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ó wọ ṣòkòtò Dádì sábẹ́ ìró, ó wé gèlè lé fìlà, ó gbé àga rẹ̀ ti hítà, ó sì kéde pé òun kò ní jáde títí wọn yóò fi tan oòrùn. Bí iná bá lọ, tí hítà sì kú, á rẹ́rìn-ín, á ní òun rò pé òun fi ìyẹn sílẹ̀ nílé ni.

Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi kì í sọ Yorùbá. Mo ń gbọ́ "wá jẹun" àti "lọ sùn" àti "ta ló da eléyìí nù", ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dáhùn, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí síbí. Bí Màmá bá bi mí ní nǹkan, tí mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, á wò mí fún ìgbà díẹ̀, á ní, "Ó dáa," á sì dìde lọ bi bàbá mi.

Dádì rí i pé àárò ilé ń sọ ìyá òun. Ní Sátidé kan, ó lọ sí Mayfair, sí ṣọ́ọ̀bù Alhaji kan tó ń ta epo pupa, ẹja gbígbẹ, ike fóònù àti fíìmù Yorùbá lórí tábìlì kan náà, tó fi jẹ́ pé àwọn àwo fíìmù rẹ̀ máa ń rùn bí ẹja. Ó ra mélòó kan bọ̀. Màmá wò wọ́n, ó sì dájọ́ fún wọn níkọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀kan, ọba ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ iléèwé. Nínú òmíràn, ìbọn pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀kan kò tiẹ̀ ṣí rárá. Ẹyọ kan ló kù tí Màmá gbà, àkọlé rẹ̀ gùn débi pé kò sí ẹni tó pè é tán rí. Fíìmù Ìbídùn ni a ń pè é, nítorí Ìbídùn ni orúkọ obìnrin inú rẹ̀.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ìbídùn fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àlàó. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni Àlàó lọ wá iṣẹ́ sí ìlú òkèèrè, ó ní bí òjò bá tún rọ̀, òun ti dé. Òjò rọ̀, ọ̀dá dá, ọdún gorí ọdún, Àlàó kò dé. Ìbídùn ń rẹ aró, ó ń tọ́ ọmọ, ó ń fara da ẹnu ìyá ọkọ. Ìgbà tí irun rẹ̀ ń funfun ni Àlàó tó wọ àgbàlá, ó rù, ó ń wúkọ́, kò mú nǹkan kan dání. Ìbídùn wò ó títí. Ó wọlé, ó bu omi sínú igbá, ó gbé e jáde, ó nà án sí i. Ibẹ̀ ni àwòrán ti dúró, tí àkọlé jáde pé ó di apá kejì.

Dádì padà sí Mayfair láti wá apá kejì. Alhaji ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà gbogbo tí a bá béèrè, ó ń bọ̀ lọ́nà. Nítorí náà, apá kìíní ni a ń wò. A wò ó nígbà tí ọmọ ń sùn, a wò ó nígbà tí kò gbà láti sùn. A mọ̀ pé àkùkọ kan máa ń kọjá lẹ́yìn ìyá ọkọ nígbàkigbà tó bá fẹ́ gégùn-ún. A mọ̀ pé Àlàó de aago mọ́ ọwọ́, nígbà tí kò tíì sí mọ́tò kan lójú ọ̀nà ìlú náà. Nígbà tí a wò ó àkọ́kọ́, ìtàn la wò. Lẹ́yìn náà ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn ènìyàn, ọwọ́ wọn, àti bí Ìbídùn ṣe kì í jókòó nígbà tí ìyá ọkọ bá ń sọ̀rọ̀.

Lójúlé kejì sí wa ni ọ̀rẹ́ mi Thandeka ń gbé pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Durban, ìgbà ọlidé ló máa ń wá. Kíláàsì kan náà ni a wà, a jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀. Súlú ni wọ́n, Gogo sì ni àwọn Súlú ń pe ìyá àgbà. Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ Yorùbá díẹ̀ tí mo mọ̀ sọ fún Màmá pé Gogo ń bọ̀ wá kí ọmọ tuntun, ó bi mí bóyá gógó ti ọ̀wọ́n gógó ni. Ó rò pé orúkọ tí wọ́n sọ obìnrin náà ni. Ó pè é bẹ́ẹ̀, Gogo náà sì pe Màmá ní Gogo, wọ́n sì ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ títí, inú Màmá sì dùn pé àwọn méjèèjì jọ ń jẹ́ orúkọ kan.

Ọjọ́ tí Gogo mú fìlà tó fọwọ́ hun wá fún ọmọ, fíìmù Ìbídùn ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó jókòó kí ó lè mu tíì. Tíì náà tutù sí i lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì ó tún wá, kò sì ṣe bí ẹni pé ọmọ ni òun wá wò. Èmi àti Thandeka di ògbufọ̀. Màmá tàbí Ìbídùn á sọ ọ́ ní Yorùbá, èmi á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún Thandeka, Thandeka á sọ ọ́ ní Súlú fún Gogo. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ìbídùn ké pé "Orí mi, gbè mí o," mo sì sọ pé ó ń bẹ orí rẹ̀. Thandeka ní orí ló ń fọ́ ọ. Gogo béèrè ìdí tí kò fi sí ẹni tó lè fún obìnrin náà ní oògùn nínú gbogbo ilé yẹn. Nígbà tí Ìbídùn sọ pé inú òun bàjẹ́, ọ̀rọ̀ náà dé etí Gogo gẹ́gẹ́ bí inú rírun, ó sì fẹ́ mọ ohun tó jẹ.

Gogo kò fẹ́ràn ìdajì ọ̀rọ̀. Bí Ìbídùn bá sọ̀rọ̀ gígùn, tí èmi sì sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú, á gbọ́wọ́ sókè pé ká dá fíìmù dúró. Ó mọ̀ pé mo fi nǹkan kan sílẹ̀. Mo wá di ẹni tí ń bi Màmá ní ìtumọ̀ gbogbo nǹkan. Kí ni "ojú ń tì mí"? Ṣé ojú lè ti ènìyàn? Màmá á fi ìtàn kan ṣàlàyé rẹ̀, á fi òmíràn ṣàlàyé ìtàn náà, títí yóò fi yé mi.

Bí a ṣe ń wò ó lọ, Gogo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ọkọ rẹ̀ fi abúlé wọn ní Natal sílẹ̀, ó wá wa góòlù ní Johannesburg. Nígbà tí kò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́, ó pọn ọmọ, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó wá a títí ó fi rí ilé tó ń gbé. Obìnrin mìíràn ló ṣílẹ̀kùn fún un, oyún wà nínú rẹ̀. Gogo kò bá a jà. Ó ní òun ṣi ilé. Kò padà sí abúlé. Ó ń fọṣọ nílé àwọn òyìnbó, ó ń bá wọn tọ́ ọmọ, títí tó fi ra ilé tó ń gbé yìí. Nígbà tí Thandeka sọ èyí tán, tí èmi náà sì sọ ọ́ fún Màmá bí mo ṣe lè sọ ọ́, Màmá sún àga rẹ̀ kúrò lójú hítà díẹ̀ kí ooru lè dé ọ̀dọ̀ Gogo.

Ìgbà tí ẹ̀fúùfù oṣù kẹjọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eruku, ọkùnrin kan wá sí géètì Gogo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni. Thandeka ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí a ń lọ sí iléèwé. Ọkùnrin náà ní ọkọ Gogo ti darúgbó, eruku inú kòtò góòlù ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, obìnrin tó ń bá a gbé ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ibẹ̀ kò sì gbà á. Bàbá náà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Gogo jẹ́ kí òun wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Gogo tilẹ̀kùn, kò sì wá sọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Màmá ń wo ojú fèrèsé. Ó ń béèrè Gogo lọ́wọ́ mi. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un, ó sì ní kí n má ṣe sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Mọ́mì wà ní ọsibítù, Dádì ń tún omi ẹ̀rọ ṣe níta, Gogo wọlé. Kò béèrè ọmọ. Ó ní ká gbé fíìmù náà síbi tó parí sí. A gbé e síbẹ̀. Àlàó wọlé, ó wúkọ́, Ìbídùn bu omi. Gogo ní ká tún un gbé. A tún un gbé. Lẹ́yìn náà, ó bá Thandeka sọ̀rọ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n Màmá ló ń wò. Thandeka sọ fún mi pé Gogo fẹ́ mọ ohun tí Ìbídùn ṣe lẹ́yìn tó fún ọkùnrin náà lómi.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá, mo sì fẹ́ fi kún un pé Gogo mọ̀ pé a kò ní apá kejì. Màmá dá mi dúró. Ó ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n. Ó tún ọmọ gbé sí èjìká kejì.

"Sọ fún un pé mi ò mọ ohun tí Ìbídùn ṣe," Màmá wí. "Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, màá fún un lómi, nítorí pé ó ń wúkọ́. Màá fún un ní yàrá, nítorí pé bàbá ọmọ mi ni. Mi ò ní fún un ní ibùsùn mi, nítorí pé ẹnì kan ló bí èmi náà. Tí wọ́n bá ní kí n dárí jì í, màá ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sinmi."

Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Nígbà tó kan Thandeka, ó dúró nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ibùsùn. Ìtìjú mú un, ó fọwọ́ bojú. Gogo ní kí ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Gogo gbọ́ ọ títí dé òpin, ó mi orí, ó ní "yebo", èyí tó túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá na ọwọ́ pé kí Màmá gbé ọmọ fún òun.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n gbé bàbá náà dé. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé Gogo, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ilé Rosettenville ní, tí wọ́n fi ń gba ayálégbé. Gogo fọ kọ́tìnnì rẹ̀, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀. Mkhulu ni Thandeka ń pè é, ìyẹn bàbá àgbà. Ó ga, ó tẹ̀, aṣọ ara rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Gogo ń se oúnjẹ rẹ̀, Thandeka ló ń gbé e lọ. Gogo kì í bá a jẹun, kì í sì í pariwo mọ́ ọn. Àwọn obìnrin àdúgbò ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ó ya òmùgọ̀, àwọn mìíràn ní ọkàn rẹ̀ le. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá láti bá a sọ̀rọ̀ ìdáríjì. Gogo fún wọn ní tíì, ó sì sọ fún wọn pé òun ṣì ń sinmi lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ooru ti ń padà bọ̀, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, a sì ń wo fíìmù Ìbídùn. Ó ti sún mọ́ òpin nígbà tí òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà. Mkhulu ni. Ó gbọ́ ohùn fíìmù láti yàrá rẹ̀, ó sì fi ọ̀pá rìn wá. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí yóò ṣe. Thandeka di ọwọ́ mi mú. Màmá ló dìde, ó kí i ní Yorùbá, ó sì gbé àga kan fún un sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Gogo kò yíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

Àlàó wọ àgbàlá, ó ń wúkọ́. Mkhulu náà wúkọ́ níbi tó jókòó sí. Mo fẹ́ kí iná lọ, ṣùgbọ́n iná tó máa ń lọ nígbà tí a kò fẹ́ kò lọ lọ́jọ́ náà. Ìbídùn bu omi, ó nà án, àwòrán dúró. Ọ̀pá Mkhulu bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó bi Thandeka ní ọ̀rọ̀ kan. Thandeka kò túmọ̀ rẹ̀ títí mo fi béèrè. Ó sọ ọ́ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bàbá náà ń béèrè bóyá ọkùnrin yẹn mu omi náà.

Nínú gbogbo bí a ṣe wò ó tó, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí Ìbídùn yóò ṣe ni gbogbo wa ń rò. Thandeka fẹ́ ṣàlàyé fún un pé apá kejì kò sí, ṣùgbọ́n Gogo ti dáhùn kí ó tó lanu.

"Ó mu ún," Gogo wí.

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀pá náà nílẹ̀, ó fi í sí i lọ́wọ́. Láti ìgbà tí bàbá náà ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí Gogo fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní nǹkan. Lẹ́yìn náà ó jókòó padà, ó sì sọ fún wa pé ká tún fíìmù náà gbé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mkhulu kú kí ọdún tó parí. Gogo gbé e lọ sí abúlé wọn ní Natal, ó sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì wọ aṣọ dúdú fún un. Mi ò mọ̀ bóyá ó dárí jì í. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, Màmá kò sì bi í. Nígbà tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, Màmá padà sí Èkìtì. Gogo bò ó ní búláńkẹ́ẹ̀tì ní géètì wa. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, ẹnì kan ń sọ Yorùbá, ẹnì kejì ń sọ Súlú, lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi àti Thandeka dúró láti túmọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bi wá ní nǹkan kan. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Gogo ta ilé, ó sì mú Thandeka lọ sí abúlé. A ń kọ ọ̀rọ̀ síra wa lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà nọ́ḿbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Mo ti rí apá kejì báyìí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ni mo rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin mìíràn ni wọ́n fi ṣe Ìbídùn, ó sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ, ilé wọn náà sì ti yí padà. Àlàó gba omi náà, ó mu ún kí n tó jókòó dáadáa, kò tiẹ̀ sí ẹni tó wò ó nígbà tó ń mu ún. Lẹ́yìn èyí ni wòlíì wọlé, tí ọlọ́pàá wọlé, tí gbogbo wọn ń pariwo. Mo pa á kí ó tó dé àárín. Mo pe Màmá lórí fóònù, mo sì sọ fún un. Ó ní, "Àwọn yẹn ti sọ tiwọn. Àwa ti wo tiwa."

Ilé Gogo ti di ilé ìtọ́jú ọmọdé báyìí, wọ́n ya erin àti òdòdó sára ògiri rẹ̀. Àwọn ọmọdé òde òní lè wo fíìmù púpọ̀ lọ́jọ́ kan, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú okùn létí. Mi ò bú wọn. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tiwọn ni wọ́n bí mi, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ì bá ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn máa ń bi mí nípa bí mo ṣe ń sọ Yorùbá báyìí, èmi tí wọ́n bí sí Johannesburg. Wọ́n rò pé Dádì ló fi pàṣán kọ́ mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé obìnrin Súlú kan ló fẹ́ mọ ohun tí Ìbídùn sọ, kò sì gbà kí n sọ ìdajì rẹ̀ fún òun.